Kí ló dé tí kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà olóyin, tó sì fi ẹ̀wà pupa sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí ni mo ti ń ta ẹ̀wà, ó ti lé ní ogún ọdún. Oníbàárà mi kan fi ìdajì àpò ẹ̀wà pupa ńlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń jẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Olóyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n kò sí ihò kan ṣoṣo lára ẹ̀wà pupa. Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní yunifásítì ní ẹfolúṣọ̀n ni, ìyẹn ni pé ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé purotéènì tó wà nínú ẹ̀wà ló ń bá kòkòrò jà. Ṣé ẹ̀wà ní ọpọlọ tó fi mọ ìjà jà ni? Ta ló kọ́ ọ? Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ṣé mo lè da ẹ̀wà pupa díẹ̀ sínú àpò olóyin kí kòkòrò lè sá fún un? Ìyá Ẹlẹ́wà, Ọjà Ọba.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àdánù olóyin. Ọmọ yín ò parọ́, ó kàn kánjú díẹ̀ ni. Ẹ̀wà pupa kò lágbára ju olóyin lọ. Àjèjì ló jẹ́ sí kòkòrò yín. Àwọn àgbà ní inú obì ni kòkòrò tó ń jobì ń gbé. Olóyin àti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti jọ ń gbé láti ayébáyé, kòkòrò sì ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé olóyin. Ẹ̀wà pupa ní tirẹ̀, apá Mẹ́síkò àti àwọn òkè Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Àwọn kòkòrò tó mọ kọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀ wà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ yó. Àwọn yẹn ni kò sí nínú ìsọ̀ yín.

Kí n tó dé ibi purotéènì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹ̀wà olóyin kan tí ihò ò tíì yọ lára rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí kòkòrò bá ti dé ibẹ̀, ẹ ó rí àmì funfun bíńtín kan lára èèpo rẹ̀, bí ẹni pé omi ẹ̀kọ ta sí i tó sì gbẹ. Ẹyin ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe kòkòrò náà nínú ìwé ni Callosobruchus maculatus, abo rẹ̀ kan sì lè yé ẹyin tó ọgọ́rùn-ún. Kì í ti ẹyin bọnú ẹ̀wà, ńṣe ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo. Ìdin tó bá pa nínú ẹyin yẹn kì í yọjú síta rárá. Abẹ́ ẹyin náà gan-an ló ti ń gbẹ́ èèpo ẹ̀wà wọlé, á sì máa ti ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ sẹ́yìn sínú èèpo ẹyin tó ti ṣófo. Òun ló jẹ́ kí àmì yẹn funfun. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó tún rí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo oúnjẹ tó máa jẹ láyé rẹ̀, inú ẹ̀wà kan ṣoṣo yẹn ló ti máa jẹ ẹ́, nítorí pé àwọn tí ẹ ń rí tó ń fò nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀wà, àwọn yẹn ti jẹun tán. Wọ́n ń wá ọkọ, wọ́n ń wá ìyàwó, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò yé ẹyin sí, ó parí.

Mo ti da ẹ̀wà pupa sínú ìgò rí nílé mi ní Òkè Báálẹ̀, mo sì kó irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò sá fún un. Wọ́n yé ẹyin sí i lára bí ẹni pé olóyin ni. Ìdin pa, òmíràn kò lè la èèpo kọjá, òmíràn sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí ẹyọ kan tó jáde. Mo fi abẹ felefele la ẹ̀wà kan láàrin, mo gbé awò sójú. Ihò tí mo rí kò jìn ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ìdin kan sì wà nínú rẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹnu ọ̀nà ló kú sí.

Ebi ló pa á. Ó wà láàrin oúnjẹ, ebi sì pa á kú.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà ni sítáàṣì, irú ohun tí a ń rí nínú ògì àti fùfú. Kòkòrò kò lè fi sítáàṣì ṣe nǹkan kan bí kò bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ di ṣúgà nínú ikùn rẹ̀. Ohun tó ń bá a lọ̀ ọ́ ni ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní amylase. Ó wà nínú itọ́ tiwa náà, òun ló fà á tí búrẹ́dì fi máa ń dùn lẹ́nu ẹni bí a bá jẹ ẹ́ pẹ́. Ẹ̀wà pupa wá ní purotéènì kan tí kò níṣẹ́ méjì ju kó há sẹ́nu amylase lọ. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tí igi há sáàrin ọlọ méjèèjì rẹ̀: iná wà, ata wà lókè, ẹ̀rọ ń kùn, ata ò bọ́ sílẹ̀. Adínà amylase la lè máa pe purotéènì náà ní Yorùbá. Ó ń há sẹ́nu amylase kòkòrò olóyin, ó ń há sẹ́nu ti ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń há sẹ́nu tiwa. Nígbà kan, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé kan ní Amẹ́ríkà rọ ọ́ sínú oògùn oníhóró, wọ́n ń tà á fún àwọn tó fẹ́ fọn, pé kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì kó má sì ra wọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà dá wọn dúró ní 1982. Bí ẹ bá ti se ẹ̀wà jinná, iná ti ba adínà náà jẹ́, kò lè ṣe wá ní nǹkan kan mọ́. Kòkòrò ni kò ní ààrò.

Ẹ wá béèrè pé ta ló kọ́ ẹ̀wà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ dùn sí, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Adínà amylase yìí ní àwọn ọmọ ìyá méjì. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní lẹ́kítìn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di ṣúgà tó wà lára ìfun ẹni tó bá jẹ ẹ́ mú. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà pupa tí kò jinná máa mú ènìyàn bì, kó sì máa mú un ya ìgbẹ́ gbuuru. Èkejì ni arcelin, tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà igbó ní Mẹ́síkò, ìlú kan tó ń jẹ́ Arcelia ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ohun tí a fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́tà lẹ́tà, wọ́n rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, ibì kan náà ni wọ́n tò sí lára DNA ẹ̀wà, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tó wà nínú ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń mọ purotéènì kan, ló wà níbẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Ó di ẹ̀dà, ẹ̀dà náà tún di ẹ̀dà.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo kò níí nílò àlàyé gígùn lórí ìyẹn, ìlú aró sáà ni ìlú wa. Ẹ rántí bí àwọn ìyá aláàdìrẹ ṣe ń ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá kan ní ọnà kan tí àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lórí aṣọ kan ṣoṣo tó ń tà, ọjà ọjọ́ náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti ya ọnà náà sórí aṣọ méjì. Ọ̀kan ń lọ sọ́jà bó ti yẹ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń fi ìkejì ṣeré, ó gbàgbé ìlà kan, ó fa ìlà mìíràn gùn, kò sẹ́ni tó bínú. Lọ́pọ̀ ìgbà, eré yẹn máa ń ba aṣọ jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ọnà tuntun kan á jáde lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, tí àwọn oníbàárà á sì máa du. Ẹ̀dà lẹ́kítìn tó di adínà amylase, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn. Lẹ́kítìn ní àwọn ìkọ́ kéékèèké lára tó fi ń di ṣúgà mú. Ìkọ́ kan já lára ẹ̀dà tó di arcelin. Èyí tó di adínà amylase pàdánù ju ìyẹn lọ, kò lè di ṣúgà mú mọ́ rárá. Ẹ̀wà tún máa ń gé e sí méjì lẹ́yìn tó bá ti mọ ọ́n tán, bí kò bá sì gé e, kò lè há sẹ́nu amylase. Ohun tí ẹ bá wò tí ẹ ó sọ pé àbùkù ni, òun ni ohun ìjà rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ̀wà, Mà. Ẹ̀dà ń ṣì, ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà, àṣìṣe tó pọ̀ jù kò sì wúlò. Ẹ̀wà tí tirẹ̀ bá ṣèèṣì há sẹ́nu kòkòrò ni irúgbìn rẹ̀ ń kù sínú oko títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí tiwọn ò há, a ti jẹ wọ́n tán, wọn ò sí láyé kí a lè bi wọ́n léèrè.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìjà ló fa àyípadà, tí kì í ṣe pé ọwọ́ kàn ń ṣì bó ti máa ń ṣì? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ tí èmi ń ṣe, ẹ óò sì foríjì mí bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú DNA. Mẹ́ta mẹ́ta la ń tò wọ́n di ọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì lè jáde níbẹ̀ jẹ́ 64. Mẹ́ta nínú wọn ń sọ pé “dúró níbí”. 61 tó kù ń pe amínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń sín pọ̀ di purotéènì. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kò sì ju 20 lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ leucine, ọ̀rọ̀ 6 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń pè é.

Ẹ wá fi èdè tiwa wò ó. Ká ní ẹnì kan ń da ìwé kọ, ó yẹ kó kọ “ẹ̀wà”, ó wá kọ “erèé”. Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín ni, oúnjẹ kan náà ló wà nínú abọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ kó kọ “ọkọ́” tó wá gbàgbé àmì orí rẹ̀, ó ti sọ irin tí à ń fi roko di baálé ilé. Àṣìṣe méjèèjì yìí ló wà nínú DNA. Èyí tí kò yí ìtumọ̀ padà, kò sẹ́ni tó ń rí i, kò sẹ́ni tó ń lé e, ó kàn ń jọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí eruku orí àjà. Èyí tó yí ìtumọ̀ padà, ó sábà máa ń ba purotéènì jẹ́, ẹni tó bá sì ní i kì í pẹ́ kú. Nítorí náà, bí a bá gbé jíìnì kan náà láti ara irúgbìn méjì tó jẹ́ ìbátan, tí a sì ka àwọn ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ó yẹ kí “erèé” pọ̀ ju “ọkọ” lọ fíìfíì, lẹ́yìn tí a bá ti wo iye àyè tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì.

Ibi tí ara ti ń ta wá ni ìgbà tí òdìkejì bá ṣẹlẹ̀, tí èyí tó yí ìtumọ̀ padà pọ̀ ju èyí tí kò yí i lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun kan wà níta tó ń fẹ́ àyípadà, tó ń pa ẹni tó bá dúró lójú kan. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣe irú ìṣirò yìí lórí purotéènì kan tí irúgbìn fi ń bá àwọn olú tó ń fa àrùn sí i lára jà, tí wọ́n ń pè ní chitinase. Ara Arabis ni wọ́n ti mú un, ewéko kan tó jẹ́ ìbátan kábéèjì. Iṣẹ́ purotéènì náà ni láti máa gé ara olú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn ibi tí ìtumọ̀ ti yí padà jù kò fọ́n ká gbogbo ara rẹ̀. Ojú abẹ gan-an ni wọ́n pọ̀ sí, àfo tó fi ń di ara olú mú kó tó gé e. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí irúgbìn fi sílẹ̀ lójú kan, nítorí pé nínú ẹ́ńsáìmù yòókù, ojú abẹ ni kì í yí padà. Ìdí rẹ̀ ni pé olú náà ní ohun tó ń jù sẹ́nu abẹ yìí láti dí i. Olú ń yí ohun tó ń jù padà, irúgbìn ń yí ojú abẹ padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dé ojú ìjà lẹ́yìn tí àwọn oníjà ti lọ, tó sì ń fi ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn kòkòrò kan ń jẹ ẹ̀wà pupa yó. Ọ̀kan nínú wọn ni Zabrotes subfasciatus, ọmọ Amẹ́ríkà bíi ti ẹ̀wà pupa fúnra rẹ̀. Amylase tirẹ̀ ti yí padà débi pé adínà yẹn kò há sí i lẹ́nu. Kò sì dúró síbẹ̀: ẹ́ńsáìmù mìíràn wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń gé adínà náà jẹ. Ohun tí wọ́n fi fẹ́ dá a lẹ́kun ti di ẹran ọbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀wà náà káwọ́ gbera? Nínú ẹ̀wà igbó Mẹ́síkò, wọ́n rí adínà kejì. Bí a bá tò ó ti àkọ́kọ́, ìlẹ̀kẹ̀ 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló bára mu. Ìyàtọ̀ díẹ̀ tó kù yẹn tó láti yí gbogbo nǹkan padà: adínà kejì yìí ń há sẹ́nu Zabrotes, kò sì há sẹ́nu ti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Arcelin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, lára àwọn ẹ̀wà igbó bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń yọ Zabrotes lẹ́nu. Inú oko tí à ń dá, a ti ń ṣa èyí tó tóbi, tó dán, tó tètè jinná, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀wà pé ohun ìjà rẹ̀ ńkọ́.

Olóyin náà kọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà wò ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní TVu 2027, tí kòkòrò kì í tètè ráyè jáde nínú rẹ̀. Ní 1979, àwọn onímọ̀ kan ní Bìrìtìkó sọ pé adínà mìíràn ló pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ń dí trypsin, ẹ́ńsáìmù tó ń lọ ẹran àti purotéènì. Ní 1987, wọ́n gbé jíìnì rẹ̀ sínú tábà, ó sì dín ìyà tí kòkòrò fi ń jẹ ewé tábà kù. Gbogbo ayé pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Larry Murdock, onímọ̀ kòkòrò kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo ikùn kòkòrò ẹ̀wà wa dáadáa ní ọdún kan náà, wọ́n rí i pé trypsin kọ́ ló gbára lé. Oríṣi ẹ́ńsáìmù mìíràn tó fẹ́ràn ibi kíkan ló ń lò. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn tí olè ò gbà wọlé. Àwọn onímọ̀ ní Brazil ló padà tọ́ka sí vicilin, purotéènì tí ẹ̀wà ń tọ́jú pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó máa hù. Nínú àwọn ẹ̀wà tí kòkòrò kì í fẹ́, vicilin ti yí padà díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ inú ikùn ìdin. Oúnjẹ ọmọ ló tún di ẹ̀ṣọ́.

Kódà bí ẹ bá wá oògùn tó bá ikùn rẹ̀ mu, kòkòrò yìí kì í gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi adínà kan láti ara sóyà sínú oúnjẹ rẹ̀, èyí tó ń dí oríṣi ẹ́ńsáìmù tó gbára lé gan-an. Ìdin kọ́kọ́ rù, ó lọ́ra, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ó ti ń ṣe ẹ́ńsáìmù àtijọ́ púpọ̀ ju bó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ, ó gbé àwọn mìíràn tí adínà náà ò lè dí jáde, ó sì ń gé díẹ̀ lára adínà náà jẹ. Ìdin tí kò tó ìrẹsì gígùn! Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jẹ olóyin yín.

Ní ti ọpọlọ, ẹ̀wà ò ní, tòmátì pàápàá ò ní. Síbẹ̀ ní 1972, àwọn onímọ̀ méjì kan, Green àti Ryan, fi hàn pé bí kòkòrò bá gé ewé kan jẹ lára igi tòmátì, àwọn ewé tí kòkòrò ò tíì fẹnu kàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó adínà jọ. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1991 ni wọ́n rí ohun tó ń gbé ìròyìn náà, ìlẹ̀kẹ̀ 18 péré. Ọlọ́gbọ́n ilé wa ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Ẹ̀fọ́ ni ò gbà, ó ti ń múra ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ààbò ló ń ti ọwọ́ ológun wá. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ wa bí Ọkọ-ìyàwó kì í fẹ́ gba àrùn tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ lọ́ kó sì pọ́n. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá purotéènì ológun tó ń ṣe é nínú irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n rí i pé inú ẹ̀rọ tí ẹ̀gẹ́ fi ń da DNA tirẹ̀ kọ ni ìyípadà kékeré náà wà. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn yẹn, ẹ̀rọ onílé ló ń yá lò láti fi pọ̀ sí i.

Ọmọ yín lè tún sọ fún yín pé ìjọba ti fọwọ́ sí ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà. Òótọ́ ni, SAMPEA 20-T ni, láti Zaria, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń lu pódì ẹ̀wà lóko, Maruca, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ara bakitéríà ni wọ́n sì ti mú jíìnì náà. Kòkòrò inú àpò kò bìkítà nípa rẹ̀. Wọ́n ti gbé adínà amylase ẹ̀wà pupa sínú ẹ̀wà pòòpòǹdó tiwọn lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní pea, láti 1994, kòkòrò sì kú nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ní Ọsirélíà, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní 2005 nígbà tí ara àwọn eku tó jẹ ẹ́ kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n sì ní ara eku ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí pea lásán náà. Èrò tèmi ni pé wọ́n kánjú pa á tì, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni owó.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àpò yín. Ẹ̀wà pupa kò ní òórùn tó ń lé kòkòrò. Inú ni ohun ìjà rẹ̀ wà, ó dìgbà tí ìdin bá jẹ ẹ́. Bí ẹ bá dà á mọ́ olóyin, àwọn abo kòkòrò kan á fi ẹyin ṣòfò sí i lára, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù á ṣì bọ́ sórí olóyin. Ẹ̀wà pupa sì ní lẹ́kítìn tí mo sọ. Ó yẹ kí wọ́n rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n sì sè é lórí iná tó ń hó kùtùkùtù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹyọ mẹ́rin sí márùn-ún tí kò jinná ti tó láti mú ènìyàn máa bì. Oníbàárà tó bá ra àdàlù á sè é bí olóyin, olóyin á jinná, ẹ̀wà pupa ò níí jinná, orúkọ yín ni wọ́n á dá lọ́jà.

Ẹ wá àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Murdock kan náà tó wo ikùn kòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tó ti rí i bí kòkòrò yìí ṣe gbóná tó. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú, àpò lásán wà níta. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ kún un, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pinpin. Àwọn ìdin tó wà nínú á fi èémí ara wọn lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, wọn á dá oúnjẹ dúró, wọn á kú. Ẹ má ṣí i kí oṣù méjì tó pé nítorí oníbàárà tó fẹ́ kóńgò kan. Ẹ fi ọ̀tápiapia sílẹ̀ fún aáyán. Ìdajì àpò ẹ̀wà pupa yẹn ńkọ́? Ẹ pe olówó rẹ̀ kó wá gbé e. Kòkòrò ò níí bá yín jẹ ẹ́.